Ibòòji, Òjò àti Olú: Ìtàn Àyípadà Ojú-Ọjọ́ àti Àwọn Olú Inú Igbó, láti Ìjẹ̀gùn dé Ilẹ̀ Yorùbá Lápapọ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn àwọn olú inú igbó ilẹ̀ Yorùbá ní ìbámu pẹ̀lú àyípadà ojú-ọjọ́. Ìjẹ̀gùn, ìlú àwọn Àwórì tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni a fi ṣe ojú ìwòye wa. Ìbéèrè tí iṣẹ́ náà dáhùn ni èyí: ta ni ó ń lé olú lọ, ṣé ojú-ọjọ́ tó ń gbóná káàkiri àgbáyé ni, àbí àdá àti katakata àwa ènìyàn? A lo orúkọ tí Yorùbá fún olú, ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àti ìtàn igbó láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí di òní. Èrò wa ni pé gígé igbó lulẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yí ojú-ọjọ́ ibi tí olú ń gbé padà, àti pé níbi tí ibòòji kò bá sí mọ́ ni ìgbóná àgbáyé ti ń ṣọṣẹ́ jù. A fi hàn pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo olú ni ọ̀rọ̀ yìí bá dọ́gba. A sì dábàá ohun tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe kí ìmọ̀ náà má bàa parun.

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Àwùjọ ọmọ ènìyàn ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú onímọ̀ ìtàn wo igbó fúnra rẹ̀, a ó rí i pé òótọ́ inú rẹ̀ jinlẹ̀ ju bí a ti ń lò ó lọ. Ẹranko wà nínú igbó, kòkòrò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni olú tí ń hù lórí ọ̀gán, lára igi tó ti wó, àti lábẹ́ ewé tó ti jẹrà. Àwọn onímọ̀ ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ewé àti egbò, lórí ìjálá àwọn ọdẹ, àti lórí àwọn igi abàmì bíi ìrókò, àràbà àti apá. Olú ni kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni kọ ìtàn tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí agboolé àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò jẹ ẹ́ rí.

Ìjẹ̀gùn yẹ fún irú ìwòye yìí. Àwọn Àwórì, tí ìtàn ìwáṣẹ̀ wọn so wọ́n mọ́ Ilé-Ifẹ̀ àti Ìṣẹrì, ni wọ́n tẹ ìlú púpọ̀ dó sínú igbó àti ẹ̀bá odò tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Èkó. Ìjẹ̀gùn, Ìkòtún àti Ìgàndó wà lára wọn. Lónìí, Ìjẹ̀gùn wà lábẹ́ Ìjọba Ìdàgbàsókè Ìbílẹ̀ Ìkòtún-Ìgàndó tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2003. Níbi tí oko àti igbó wà tẹ́lẹ̀, ilé ló wà níbẹ̀ báyìí. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, iye tí àjọ ìkànìyàn orílẹ̀-èdè kéde fún Alímọ̀ṣọ́ ni 1,277,714. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó takò ó, ó ní iye tí òun kà jẹ́ 2,047,026. Èyíkéyìí tí a bá gbà nínú méjèèjì, ohun kan dájú: ilẹ̀ tí ó gba iye ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹ́ igbó kù púpọ̀.

Nígbà tí a bá béèrè lọ́wọ́ ará ìlú ìdí tí olú fi wọ́n, ìdáhùn méjì ni ó sábà máa ń wáyé. Àwọn kan yóò ní ayé ti gbóná, òjò kò sì rọ̀ lásìkò mọ́. Àwọn mìíràn yóò ní ilé ló gba ilẹ̀. Ìdáhùn méjèèjì ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n ojúṣe òpìtàn ni láti mọ èyí tó ṣáájú, èyí tó tẹ̀lé e, àti bí èkínní ṣe ń ran èkejì lọ́wọ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí gbìyànjú láti ṣe nìyẹn.

2.0 Ohun tí olú jẹ́ àti bí Yorùbá ṣe pín in

Ohun tí ojú ń rí tí a ń pè ní olú kì í ṣe odindi ẹ̀dá náà. Bí ọsàn ti rí sí igi ọsàn ni olú rí sí ara rẹ̀ tó fara sin. Ara yìí jẹ́ fọ́nrán tín-ín-rín tó ń tàn kálẹ̀ nínú ilẹ̀, nínú igi jíjẹrà tàbí nínú ilé ikán. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìgbà tí ọ̀rinrin àti ìgbóná bá bá a lára mu ni yóò tó rán olú jáde, kí lẹ́búlẹ́bú tí í ṣe irúgbìn rẹ̀ lè bá afẹ́fẹ́ lọ. Ohun tí ń mú búrẹ́dì bu àti ìwúkàrà tí ń mú ìyẹ̀fun wú wà nínú ìdílé ńlá kan náà. Irú ẹ̀dá ìdílé yìí tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ tó nǹkan bí 150,000, ṣùgbọ́n ìṣirò tí Hawksworth àti Lücking gbé jáde ní 2017 ni pé gbogbo wọn lè wà láàárín mílíọ̀nù 2.2 sí mílíọ̀nù 3.8.

Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú àti ètè ìtọ́wò. Ní 1975, B. A. Oso tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú jọ́nà Mycologia lórí olú àti àwọn Yorùbá. Ní 1977, ó tún kọ òmíràn sínú Economic Botany lórí ipò olú nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ àti ìṣègùn Yorùbá. Ṣáájú rẹ̀, ní 1972, M. H. Zoberi ti kọ ìwé lórí àwọn olú ilẹ̀ olóoru. Lára orúkọ tí Oso kọ sílẹ̀ ni olú ọ̀rán, takele, ẹsẹ̀ adìẹ, etí ológbò àti ajẹìmutín. Orúkọ ìkẹyìn yìí tó ẹ̀kọ́ odindi kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a máa ń jẹ ẹ́ láì mu ọtí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé májèlé kan wà nínú irú olú bẹ́ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ara lè tú ọtí palẹ̀. Ẹni tí ó bá pa méjèèjì pọ̀, ojú rẹ̀ yóò pọ́n, ọkàn rẹ̀ yóò máa sáré, yóò sì máa bì. Orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn baba wa fi ṣe ìkìlọ̀ yìí.

Bí a bá wo ibi tí olú ti ń hù, a lè pín àwọn olú igbó wa sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Ọ̀wọ́ kìíní ni olú ikán, tí ń hù lórí ọ̀gán tàbí ní ilẹ̀ tí ikán ń gbé. Olú ọ̀rán àti takele wà níbẹ̀. Ọ̀wọ́ kejì ni olú ara igi òkú, bí ẹsẹ̀ adìẹ àti etí ológbò. Ọ̀wọ́ kẹta ni olú ìdí ọ̀pẹ, tí ń hù lórí háhá ẹyìn àti ìtì ọ̀pẹ tó ń jẹrà. Ọ̀wọ́ kẹrin ni olú gbòǹgbò, tí fọ́nrán rẹ̀ wé mọ́ gbòǹgbò igi tó wà láàyè bí apá. Ìpín yìí ni a ó lò láti mọ ohun tí àyípadà ojú-ọjọ́ ń ṣe, nítorí pé ibi tí olú ń gbé ni ó ń sọ bí oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ yóò ṣe bá a.

3.0 Igbó àti ojú-ọjọ́ láyé àtijọ́

Àṣìṣe ni láti rò pé igbó ilẹ̀ Yorùbá wà lójú kan láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí àwọn òyìnbó fi dé. Ojú-ọjọ́ ti yí padà níhìn-ín rí, igbó sì ti bá a yí. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò àti adágún, níbi tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó ìgbà àtijọ́ sin sí. Nínú iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Margaret Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe lórí ẹrẹ̀ agbègbè Niger Delta, ó fi hàn pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ọ̀pẹ pọ̀ sí i lójijì ní nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn. Ó tún ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ahanve nítòsí Àgbádárìgì, ní Ìpínlẹ̀ Èkó kan náà tí Ìjẹ̀gùn wà. Níbẹ̀, igi ẹ̀gbà tó gba etí omi kan tẹ́lẹ̀ pòórá ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn.

Bí a bá kọjá sí ìwọ̀-oòrùn, a ó rí ibi tí igbó ti já. Láti gúúsù Benin dé Tógò, ọ̀dàn ni ó dé etí òkun, tí ó sì pín igbó ńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí méjì. Àlàfo Dahomey ni àwọn onímọ̀ ń pe ibẹ̀. Ìwádìí tí Salzmann àti Hoelzmann ṣe lórí ẹrẹ̀ adágún Sélé, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2005, fi hàn pé igbó wà ní ibẹ̀ rí, àti pé nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn ni ọ̀gbẹlẹ̀ dé lójijì tí igbó fi ya. Àwọn olú tí ń gbé lábẹ́ ibòòji yóò ti fa sẹ́yìn pẹ̀lú igbó, àwọn tí ó lè fara da oòrùn yóò sì ti gba ipò wọn.

Olú ikán tilẹ̀ ní ìtàn tó gùn ju ti ènìyàn lọ fíìfíì. Àwọn ikán kan kì í lè dá igi tí wọ́n jẹ tú palẹ̀. Wọ́n máa ń kó ìdọ̀tí wọn jọ bí afárá, wọ́n á sì máa tọ́jú fọ́nrán olú lórí rẹ̀ bí àgbẹ̀ ti ń tọ́jú ebè iṣu. Olú ń tú igi palẹ̀ fún ikán, ikán ń pèsè ilé àti oúnjẹ fún olú. Ìwádìí tí Aanen àti Eggleton gbé jáde ní 2005 sọ pé inú igbó ńlá Áfíríkà ni iṣẹ́ oko yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 30 ọdún sẹ́yìn. Ní 1942, Roger Heim, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fún àwọn olú wọ̀nyí ní orúkọ Termitomyces. Àwọn obìnrin tó ń ká olú lọ sọ́jà kò dúró de orúkọ náà kí wọ́n tó mọ̀ pé níbi tí ọ̀gán bá wà ni olú yóò ti hù.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé olú ti la àyípadà ojú-ọjọ́ kọjá rí. Ṣùgbọ́n àyípadà àtijọ́ yẹn gba ọ̀pọ̀ ìran, igbó tí olú lè fà sí kò sì tíì tán.

4.0 Bí igbó ṣe di ilẹ̀ ìkọ́lé: láti Olókèméjì dé Ìjẹ̀gùn

Ní 1887, Alfred Moloney tó jẹ́ gómìnà Èkó kọ ìwé kan lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọjà ni ojú rẹ̀ wà lára: rọ́bà, epo, pákó àti aró. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí ìjọba ń kà nínú igbó ni ohun tí a lè kó sínú ọkọ̀ ojú omi. Ní 1899 ni wọ́n ya igbó Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ìjọba. Igbó Ọmọ, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí, tẹ̀lé e ní 1925. Apá kan inú rẹ̀ tó jẹ́ 460 héktà ni wọ́n sọ di èèwọ̀ pátápátá ní 1946, àjọ UNESCO sì gbà á sínú ètò rẹ̀ ní 1977. Ṣùgbọ́n igbó ìjọba pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ayùn. Wọ́n gé ọ̀pọ̀ igbó àdáyébá, wọ́n sì gbin tíìkì àti gmelina, igi ilẹ̀ Éṣíà, sí ipò wọn. Nínú ìròyìn tí àjọ FAO gbé jáde ní 2005, wọ́n kà á pé láàárín 2000 sí 2005, Nàìjíríà pàdánù 55.7 nínú ọgọ́rùn-ún igbó àdáyébá tó ṣẹ́ kù fún un, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí tirẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀.

Alímọ̀ṣọ́ kò ní igbó ìjọba tí ó lè dáàbò bò ó. Igbó ìdílé àti oko ni ó pọ̀ níbẹ̀, nígbà tí Èkó sì fẹ̀ láti Ìkẹjà àti Oṣòdì wá sí apá ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ di ọjà. Ẹ̀sítéètì tẹ̀lé ẹ̀sítéètì. Ọmọ onílẹ̀ ta ilẹ̀, katakata wó ọ̀gán, wọ́n da kankéré lé ibi tí olú ọ̀rán ti máa ń funfun báláú lẹ́yìn òjò. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ rí igbó tí a dáàbò bò lè lọ sí ibùdó ìdáàbòbò ẹ̀dá ní Lẹ́kí, tí a ṣí ní 1990. Kò ju 78 héktà lọ.

Ibí yìí ni ìṣirò kan ti ṣe kókó. Ní 2019, De Frenne àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwọ̀n ìgbóná jọ láti ọ̀pọ̀ igbó ní kọ́ńtínẹ́ǹtì márùn-ún. Wọ́n rí i pé nígbà tí ọ̀sán bá gan jù, abẹ́ igi máa ń tutù ju ìta gbangba lọ pẹ̀lú nǹkan bí 4.1°C. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ìgbóná àgbáyé. Ìròyìn tí àjọ IPCC gbé jáde ní 2021 sọ pé láàárín 2011 sí 2020, ayé gbóná ju bí ó ti wà láàárín 1850 sí 1900 lọ pẹ̀lú nǹkan bí 1.1°C. Ìyẹn ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n gé igi orí ilẹ̀ kan lulẹ̀, olú ibẹ̀ rí ìgbóná ọ̀sán tó ju èyí tí gbogbo ayé rí ní ohun tó lé ní 100 ọdún lọ. Ní Ìjẹ̀gùn, àyípadà ojú-ọjọ́ ti fi àdá wọlé kí ó tó fi èéfín wọlé.

Èyí kò sọ pé ìgbóná àgbáyé kò já mọ́ nǹkan. Ohun tí ó sọ ni pé ibòòji ni aṣọ tí olú fi ń bo ara, àti pé a ti bọ́ aṣọ náà kí ọyẹ́ àti oòrùn tó le tó dé. Olú tó wà lábẹ́ igbó kìjikìji lè máà tètè mọ̀ pé ìta ti gbóná sí i. Olú tó wà ní gbangba kò ní ohun tí yóò fi gbà á.

5.0 Ohun tí ìgbóná àti òjò ń ṣe sí ọ̀wọ́ olú kọ̀ọ̀kan

Òjò ni kàlẹ́ńdà olú. Ní gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, yóò pọ̀ ní oṣù kẹfà, yóò sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, àrọ̀kúrò yóò sì parí rẹ̀ ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Olú a máa tẹ̀lé ètò yìí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá pẹ́, olú a pẹ́. Bí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí ọ̀dá sì tẹ̀lé e, olú lè yọ orí kí ó tó gbẹ mọ́ ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀wààrà òjò tí í ṣàn lọ láì wọ ilẹ̀, ọ̀rinrin tí fọ́nrán nílò kò ní tó. Nítorí náà, kì í ṣe iye òjò ọdún nìkan ni ó ṣe pàtàkì, bí kò ṣe bí òjò ṣe pín ara rẹ̀ láàárín ọdún. Ọ̀dá tó mú ilẹ̀ Sahel láti nǹkan bí 1968 títí wọ àwọn ọdún 1980 kò mọ sí òkè ọ̀hún nìkan. Ní 1983, iná jó igbó àti oko kòkó púpọ̀ ní Gánà àti Ivory Coast.

Ní ti olú ikán, ilé ikán ni odi rẹ̀. Inú ọ̀gán kì í gbóná tàbí tutù bí ìta. Ikán máa ń tọ́jú rẹ̀ kí ó wà ní nǹkan bí 30°C, kí ó sì ní ọ̀rinrin. Irú olú ńlá kan a máa ní ìrù gígùn tó sọ̀ kalẹ̀ dé orí afárá inú ilẹ̀. Ní ti olú ọ̀rán, ikán fúnra wọn ni wọ́n máa ń kó èérún afárá jáde sórí ilẹ̀ nígbà òjò, tí olú kéékèèké yóò sì hù lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Níwọ̀n ìgbà tí ikán bá wà, ọ̀wọ́ yìí lè fara da ìgbóná díẹ̀. Ohun tó ń pa á ni wíwó ọ̀gán àti oògùn apakòkòrò tí a ń dà sí ìpìlẹ̀ ilé.

Ní ti olú ara igi òkú, nǹkan pín sí méjì. Etí ológbò fẹ́ ibi tútù tó ṣú. Ẹsẹ̀ adìẹ ní tirẹ̀ jẹ́ akọni: bí oòrùn bá mú un, yóò ká ara rẹ̀ kò, bí òjò bá tún kàn án, yóò tú, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Onímọ̀ kan, A. H. R. Buller, dé ẹsẹ̀ adìẹ tó ti gbẹ mọ́nú ìgò ní 1911; nígbà tí wọ́n ṣí ìgò náà ní nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn náà, ó sọjí. Irú olú báyìí ni yóò máa pọ̀ sí i níbi tí igbó bá ti ya. Olú mìíràn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pleurotus tuber-regium ní ọgbọ́n tirẹ̀: ó ń ta iṣu líle dúdú sínú igi tàbí ilẹ̀, iṣu náà yóò sì pa á mọ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi kọjá. Iṣu yìí ni àwọn oníṣègùn wa máa ń lò fún ẹ̀fọ́rí, inú rírun àti ibà. I. O. Fasidi ní Ìbàdàn àti J. A. Okhuoya ní Benin City wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ jinlẹ̀.

Olú ìdí ọ̀pẹ ni ó sún mọ́ ènìyàn jù. Níbi tí a bá ti ń fọ epo tí háhá ẹyìn sì wà nílẹ̀, yóò hù, ìbáà jẹ́ ibi ìgbóná. Ọ̀wọ́ yìí lè tẹ̀lé wa wọ ayé tuntun, bí ọ̀pẹ bá tẹ̀lé wa.

Ọ̀wọ́ kẹrin ni ẹ̀rù ń bani fún jù. Ní 1968, J. F. Redhead, tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, tẹ ìwádìí jáde lórí gbòǹgbò àwọn igi igbó Nàìjíríà. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ jùlọ igi wa ní olú tó wọ inú gbòǹgbò wọn tí ojú kò lè rí, àti pé ìwọ̀nba díẹ̀, bí apá, ni olú wọn wé mọ́ gbòǹgbò láti ìta. Fọ́nrán wọ̀nyí ń fa omi àti èròjà ilẹ̀ wá fún igi. Igi náà sì ń fún wọn ní ṣúgà. Iṣẹ́ Amadou Bâ, onímọ̀ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, lórí apá fi hàn pé ọ̀dọ́ igi tó bá rí olú tirẹ̀ máa ń dàgbà dáadáa ju èyí tí kò rí i lọ. Àjọgbé yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le. Bí a bá gé apá, olú rẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbé. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá pa olú, ọ̀dọ́ apá kò ní rí ẹni fún un lómi. Ní Benin, níbi tí irú igi bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ nínú ọ̀dàn, De Kesel, Codjia àti Yorou ti ṣe ìwé atọ́nà lórí olú jíjẹ ní 2002, ọ̀pọ̀ olú inú rẹ̀ sì jẹ́ olú gbòǹgbò.

Ohun tí a rí fà yọ ni pé àyípadà ojú-ọjọ́ kì í pa gbogbo olú rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ṣe àṣàyàn. Àwọn alágbára tí ń jẹ igi òkú yóò pọ̀, àwọn tí ń ran igi alààyè lọ́wọ́ yóò dín kù. Ẹni tí ó bá ń ka iye olú nìkan lè ní olú ṣì wà. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ wọn ni yóò mọ̀ pé ìlú ti yí ọwọ́ padà.

6.0 Ẹ̀rí láti ilẹ̀ mìíràn

A lè béèrè pé, níbi tí igbó kò bá tíì kúrò, ǹjẹ́ ìgbóná àgbáyé nìkan lè yí ìhù olú padà? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní agbègbè Salisbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edward Gange ń kọ ọjọ́ tí ó bá rí olú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti 1950. Ọmọ rẹ̀, Alan Gange, tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fi àkọsílẹ̀ náà ṣe àpilẹ̀kọ nínú jọ́nà Science ní 2007. Olú 315 ni wọ́n yẹ̀ wò. Ní àwọn ọdún 1950, ọjọ́ 33 ni àsìkò ìhù olú máa ń gbà ní ìgbà ìwọ́wé wọn. Nígbà tó di àwọn ọdún 2000, ó ti di nǹkan bí ọjọ́ 75. Ní Norway, Kauserud àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ní 2008 pé láti 1980, olú ti ń pẹ́ kí ó tó hù pẹ̀lú nǹkan bí ọjọ́ 13. Ní 2019, Steidinger àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nínú jọ́nà Nature, sọ àsọtẹ́lẹ̀ pé bí èéfín kò bá dín kù, àwọn igi tí ń bá olú ìta gbòǹgbò gbé lè dín kù pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún títí di 2070.

Ẹ kíyè sí i pé ìwé àkọsílẹ̀ ará ìlú kan ni ó bí ẹ̀rí Salisbury. Kò lo ẹ̀rọ olówó ńlá. Ó mọ orúkọ olú, ó mọ ibi tí ó ti rí i, ó sì kọ ọjọ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní 50 ọdún. Ohun mẹ́ta yìí, àwọn àgbẹ̀ àti obìnrin ilẹ̀ Yorùbá mọ méjì nínú rẹ̀ dájú.

7.0 Ohun tí a ó pàdánù

Ohun àkọ́kọ́ ni ìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀mí. Olú jíjẹ àti olú apani lè jọra bí ìbejì. Ìyá ni ó ń fi èyí tó dára han ọmọ nínú oko. Níbi tí kò bá sí oko mọ́, ẹ̀kọ́ náà já. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀gùn lónìí lè mọ olú inú agolo, kí ó má mọ takele. Bí ebi tàbí ọ̀wọ́n oúnjẹ bá wá mú kí ó já èyí tó hù lẹ́yìn ilé, kò ní orúkọ tí yóò kìlọ̀ fún un bí ajẹìmutín ti ń kìlọ̀ fún àwọn tó ṣáájú rẹ̀.

Èkejì ni igbó fúnra rẹ̀. Ìjọba a máa ṣe ayẹyẹ igi gbígbìn lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n igi tí a gbìn sínú ilẹ̀ tí oòrùn ti sun, tí kò ní olú alábàágbé, dà bí àlejò tí kò mọ ẹnì kan ní ìlú. Ìtàn igi pine ní Áfíríkà jẹ́rìí sí èyí: ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín sí, kò gbérí àfi ìgbà tí wọ́n bu ilẹ̀ tó ní olú tirẹ̀ wá.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ tí olú ń ṣe fún ojú-ọjọ́. Ìṣirò tí Hawkins àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2023 ni pé káábọ̀n tí àwọn ewéko ń gbé fún olú gbòǹgbò lọ́dọọdún tó ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí jíjó epo àti èédú ń tú sáfẹ́fẹ́. Nígbà tí a bá ba olú jẹ́, a ń ba àká tí a ń kó ẹrù ayé sí jẹ́. Ní 2025, àjọ IUCN kéde pé nínú nǹkan bí 1,300 olú tí wọ́n ti yẹ̀ wò, 411 ni ìparun ń lé.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtàn olú ní ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ìtàn ibòòji àti òjò. Gígé igbó ni ó ṣáájú, ìgbóná àgbáyé ni ó tẹ̀lé e, èkejì sì ń rí ọ̀nà wọlé nítorí pé èkínní ti ṣí ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ilẹ̀ tí ń tú èéfín ń gbàgbé àdá ọwọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá sì di gbogbo rẹ̀ ru àwọn tó ń kọ́lé yóò yà nígbà tí olú inú igbó Ọmọ pàápàá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège.

Àbá mẹ́ta ni a ní. Kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá àti ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ wa pawọ́ pọ̀ kó orúkọ olú jọ láti ẹnu àwọn àgbà, ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwòrán àti ibi tí olú náà ti ń hù. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí olú kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, kí àwọn tó ń bọ̀ lè rí ohun tí wọn yóò fi wé ti ìgbà wọn. Kí ilé ẹ̀kọ́ tó bá ṣì ní igi ńlá tàbí ọ̀gán nínú ọgbà rẹ̀ fi í sílẹ̀, kí ẹni tó bá sì fẹ́ gbin apá bu ilẹ̀ díẹ̀ láti ìdí apá àgbà sí i. Iṣẹ́ wọ̀nyí kò gba owó púpọ̀. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀gùn ní òjò àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí àwọn àgbà tó mọ orúkọ náà ṣì wà láàyè.